Píìnì férémù ẹlẹ́fun: ó tó owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò

Férémù ni irin tí wọ́n máa ń dè síta ara ẹsẹ̀ tí eegun rẹ̀ ṣẹ́; píìnì ni irin gbọọrọ tó ń gba inú awọ wọ eegun láti dì í mú. Àwọn kan tó ń ta irin iṣẹ́ abẹ eegun ní Àbújá máa ń sọ pé píìnì hydroxyapatite "ń pa kòkòrò". Kò pa nǹkan kan. Èròjà kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì tó wà nínú eegun àti eyín wa náà ni hydroxyapatite. Wọ́n fi iná tó gbóná janjan fín in mọ́ irin, ó sì funfun bí ẹfun, kò dán. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé eegun máa ń hù mọ́ ọn. Píìnì lásán máa ń mì díẹ̀díẹ̀; ibi tó bá ti ń mì ni Staphylococcus, kòkòrò àrùn tó ń gbé ojú awọ, ti ń rí ọ̀nà wọlé, ọyún dé nìyẹn. Èyí tó bá dì mọ́ eegun gírí kì í ṣí ọ̀nà yẹn bọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n po fàdákà mọ́ ló ń pa kòkòrò ní tirẹ̀. Ọjà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí férémù máa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sókè ló yẹ kó rà á: ẹni tí eegun rẹ̀ fọ́ yángá tó yọ síta, ẹni tí wọ́n ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́. Fún férémù ọ̀sẹ̀ méjì péré, owó ṣòfò ni. Bí owó ò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹlẹ́fun sí ìtòsí orúnkún, níbi tí eegun ti rí bíi fóòmù, kí ẹ fi irin lásán sí àárín ojúgun tó le.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ihò. Píìnì mìlímítà 5, dírílì 3.5 ni. Kó mú, kó rọra yí, kí ẹnìkan máa da sáláìnì (omi oníyọ̀ ilé ìwòsàn) sí i. Eegun tó bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan lè kú, òkú eegun kì í sì hù mọ́ ohunkóhun, ìbáà jẹ́ góòlù ni wọ́n fi bo píìnì. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi yí i wọlé. Kí ìbọ̀wọ́ má kan ibi funfun náà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí rẹ̀ sanra, bó bá ti wọlé jù, wọn kò gbọdọ̀ yí i padà sẹ́yìn, torí ó máa tú ni.

Ọ̀rá méjì ló yẹ kó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ọjọ́ ìparí àti nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tí wọ́n kó sínú àwo, tí wọ́n ní àwọn ti tún un sè, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹfun bá ti họ, tí irin ń dán lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Nígbà ọyẹ́, eruku Àbújá ò mọ ẹlẹ́fun yàtọ̀ sí irin lásán. Chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, èyí tó ní spírítì, ni kí ẹ fi nu ibi tí píìnì ti wọ awọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Hydrogen peroxide kọ́, àdí kọ́.

Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni ti yíyọ. Irin lásán ṣeé yọ ní kílíníìkì. Èyí lè dì mọ́ra débi pé tíátà àti abẹ́rẹ́ oorun ló máa gbà. Ẹ béèrè iye ìyẹn pọ̀ mọ́ owó píìnì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.