Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ṣílè dúdú ní fàdákà

Ẹ̀yin tí a jọ ń ra owó àtijọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ₦120,000, ojú ṣì ń tì mí.

Ọkùnrin náà ní òun ní ogún ṣílè ọlọ́pẹ ayé òyìnbó (èyí tó ní igi ọ̀pẹ lára), tí wọ́n hú nínú ìkòkò lábúlé. Ó ní fàdákà gidi ni, ₦6,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló mọ́, 1917 hàn lára rẹ̀ ketekete. Àwọn yòókù dúdú, èépá aláwọ̀ ewé sì bò wọ́n.

Mo ní kó fọ ọ̀kan kí n rí i. "Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá fọ owó àtijọ́ ti bà á jẹ́ nìyẹn." Òótọ́ ni! Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó tún ṣe fídíò, ó fi mágnẹ́ẹ̀tì ìdí sìpíkà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbé ìkankan. Òótọ́ tún ni. Àmọ́ mágnẹ́ẹ̀tì kì í gbé fàdákà, kì í gbé idẹ, kì í gbé bàbà. Irin ló ń gbé, bíi ₦1 onírin ti 1991. Kí wá ni fídíò yẹn fi hàn?

Nígbà tí ẹrù dé, mo rẹ mẹ́ta sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú bíi bàbà. Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ góòlù kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Baba ò tiẹ̀ wo ojú owó. Ó fi fáìlì ha etí ọ̀kan díẹ̀, ó ní kí n wò ó: inú rẹ̀ rí bí ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ gẹ́lẹ́. Pípọ́n tó pọ́n yẹn, omi ọsàn ló jẹ síńkì ojú idẹ kúrò, tó ṣẹ́ ku bàbà.

Ṣílè ọlọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1913, fàdákà 92.5% ló sì wà nínú rẹ̀ títí di 1920. Ní 1920 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Ọba kan náà ni, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ọ̀pẹ kan náà. Torí náà orí ọba ò jẹ́rìí nǹkan kan. Ọdún ni kí ẹ wò, ti 1920 gan-an sì wà ní oríṣi méjèèjì. Èépá aláwọ̀ ewé náà ò jẹ́rìí, torí bàbà wà nínú fàdákà yẹn pẹ̀lú.

Bí èépá bá wá bo ọdún ńkọ́? Gbígbé e sórí òṣùwọ̀n lásán ò tó, torí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Omi ni Baba lò. Ó gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n góòlù rẹ̀, ó dá a padà sí òdo, ó so ṣílè mọ́ òwú, ó rì í sómi láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife. Ti 1917, tó wọn gíráàmù 5.58 tẹ́lẹ̀, gbé òṣùwọ̀n dé 0.54. Ẹ fi 0.54 pín 5.58, ó lé díẹ̀ ní 10.3, ìyẹn iye ìgbà tó fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ: fàdákà nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e wọn 5.61, òṣùwọ̀n dé 0.66. Ìyẹn jẹ́ 8.5. Idẹ. A ṣe é títí, mọ́kàndínlógún nínú ogún ló jẹ́ idẹ. Baba ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ló ń rín.

Mo pe ọkùnrin náà, kò gbé e. Kó tó di alẹ́ ó ti búlọ́ọ̀kù mi. Àná ni ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi pé ṣé kóun rà á: ogún ṣílè lórí ẹní pupa, 1917 níwájú, àpá kan lọ́rùn ọba. 1917 alápàá lọ́rùn yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.