Power to Choose: Ọjà Iná tí Ìjọba Texas Dá Sílẹ̀ fún Aráàlú

Nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Texas wà lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba tí kì í tojú bọ ohun gbogbo. Kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni, àwọn olùdìbò sì ti fi èèwọ̀ náà sínú òfin ìpìlẹ̀ ní ọdún 2019. Ìjókòó ilé aṣòfin rẹ̀ kì í ju 140 ọjọ́ lọ, ọdún méjì-méjì ni wọ́n sì máa ń pè é, àfi bí gómìnà bá pe àkànṣe ìjókòó. Ibi tí ìlànà yìí ti kan ẹni tó ń gbé Houston tàbí Dallas gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1999 fòpin sí kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo máa dá iná tà fún gbogbo agbègbè, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2002, ọjà ṣí. Power to Choose ni ìkànnì tí àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé kalẹ̀ kí aráàlú lè fi wá ẹni tí yóò máa ta iná fún wọn, òun ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Lílò rẹ̀ kò le. Nọ́ńbà àdúgbò yín, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní zip code, ni ẹ óò tẹ̀ sí i, àwọn ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé síbẹ̀ fún àdúgbò náà yóò sì tò wá pẹ̀lú iye tí yúníìtì kan jẹ́, oṣù tí àdéhùn yóò gbà, àti bí àwọn oníbàárà ṣe ń fẹjọ́ ilé-iṣẹ́ náà sùn tó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń gbé Austin tàbí San Antonio ni kò ní ìpín níbẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ìlú fúnra rẹ̀ ni ló ṣì ń ta iná fún wọn.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá ní kí ìkànnì náà fi ètò tí owó rẹ̀ kéré jù síwájú. Iye tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni ti ẹni tó lo 1,000 yúníìtì lóṣù, àwọn olùtajà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ta yúníìtì ní sẹ́ǹtì 17, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí láti yọ 100 dọ́là kúrò nínú owó ẹnikẹ́ni tó bá lo 1,000 yúníìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lo 1,000 gan-an yóò san 70 dọ́là, èyí tó já sí sẹ́ǹtì 7 lórí yúníìtì kan, ètò náà yóò sì jókòó sókè téńté. Ẹni tó lo 999 ńkọ́? Dọ́là 169 àti sẹ́ǹtì 83 ni tirẹ̀, nítorí yúníìtì kan péré. Lásìkò ooru tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, ẹ lè kọjá ààlà náà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá tí ojú ọjọ́ tutù díẹ̀, ẹni tó ń gbé yàrá kan kò ní débẹ̀ rárá.

Ohun tó ń gba ẹni là ni ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Electricity Facts Label, èyí tí òfin mú un ní dandan kí olùtajà kọ̀ọ̀kan so mọ́ ètò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí iye tí yúníìtì jẹ́ fún ẹni tó lo 500, 1,000 àti 2,000, owó ìtanràn bí ẹ bá já àdéhùn, àti bóyá iye náà lè yí padà kí àdéhùn tó parí. Bí iye orí 500 bá fi ìlọ́po méjì ju ti 1,000 lọ, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí. Mo gbà pé ìwé yìí ló níye lórí jù lórí ìkànnì náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ ohun kan tí ìjọba kò fi sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Àwọn tó ń gbé ìjọba afọwọ́lérán lárugẹ kì í fẹ́ tẹnu mọ́ èyí.

Ẹ̀kọ́ tó korò dé ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù àti yìnyín ba ìpèsè iná jẹ́, tí iná sì kú ní ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Àwọn kan wà tí ètò wọn ń tẹ̀ lé iye tí wọ́n ń ta iná lósùnwọ̀n, níbi tí yúníìtì kan ti gorí dọ́là 9. Owó iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn san láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni àwọn aṣòfin fòfin de irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn onílé. Ẹ má sì rò pé yíyan olùtajà mìíràn lè dáàbò bo iná yín lọ́wọ́ ìjì: ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni òpó àti wáyà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tí ìbáà máa ta iná fún yín. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù Keje ọdún 2024, òkùnkùn kò bi ará Houston léèrè ètò tó rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nílé náà, nítorí òfin iná tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti dá ọjà iná tiwọn sílẹ̀, Èkìtì, Oǹdó àti Èkó sì wà lára àwọn tó ti gbé ìgbésẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ohun kan nínú ti Texas, ìwé Electricity Facts Label yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó pe olùtajà kankan wọ ọjà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ìkànnì náà. Kí ẹ tó lò ó, ẹ kó ìwé owó iná yín ti ọdún kan jọ, kí ẹ mọ iye yúníìtì tí ẹ ń jẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí àdéhùn yín yóò parí síbi tí ojú yín yóò máa tó o, nítorí bí ẹ kò bá yan òmíràn, wọn yóò sún yín sí ètò oṣù-dé-oṣù, èyí tó sábà máa ń wọ́n jù. Ní ọjọ́ 14 tó gbẹ̀yìn àdéhùn, ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ olùtajà láìsan owó ìtanràn kankan.