Wọ́n pààrọ̀ airbag ọkọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́ sílé

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ yìí ní Houston. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Nígbà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Íbàdàn, mo pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rò pé ó ti tán. Òun ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ airbag rẹ̀ wò ná. Mẹkáníìkì mi ló ní kí n bèèrè." Airbag ni àpò tó máa ń fẹ́ lójijì tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má bàa ṣèṣe.

Mo lọ sójú òpó NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà. Mo tẹ nọ́ńbà VIN sí i, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà dẹ́rẹ́bà. Lójú ẹsẹ̀ ló sọ fún mi: airbag Takata ni, wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Inú ọkọ̀ yìí lọmọ mi obìnrin ti kọ́ mọ́tò wíwà! N kò lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonium nitrate ni Takata, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, lò láti fi fẹ́ airbag wọn nígbà náà. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá èròjà yìí fínra fún ọdún gbọọrọ, á bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, á bú gbàù kọjá bó ṣe yẹ, agolo irin inú rẹ̀ á fọ́, àfọ́kù á sì fò lu ọrùn àti ojú ẹni tó jókòó síwájú. Ìkọlù kékeré tí èèyàn ì bá rìn kúrò níbẹ̀ á wá di ikú. L'Amẹ́ríkà nìkan, bíi mílíọ̀nù 67 airbag ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀. Ní 2017, Takata gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn lu jìbìtì, àwọn yí èsì àyẹ̀wò. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ní kí wọ́n san. Ọdún yẹn náà ni wọ́n wọko gbèsè. Ooru Houston ni mo ń sọ o. Ti Ìbàdàn ńkọ́?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà bá mi ṣe, dára. Kò tó wákàtí méjì, wọn ò gba sẹ́ǹtì kan, wọ́n sì fún mi níwèé. Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dúró de ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bèèrè kí wọ́n tó yá mi lọ́kọ̀ mìíràn. Wọ́n ní àwọn ti kọ lẹ́tà sí mi. Ilé tí mo ti kó kúrò ni lẹ́tà ń lọ. Mo fún wọn ní 4 nínú 5.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòkunbọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ l'Amẹ́ríkà níbí kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń ta àlòkù kọ́kọ́ tún irú àbùkù yìí ṣe. Ṣùgbọ́n VIN kì í yí padà lórí òkun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tún wo iná airbag nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́: ó yẹ kó tàn, kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti já wáyà rẹ̀.

Ọkọ̀ ti wà lójú omi báyìí. Mo ti ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi.