Ẹ lọ sùn ní Bo Kluea: àgbéyẹ̀wò ìrìn àjò wa sí ìpínlẹ̀ Nan ní Tàílàǹdì

Kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a dé ìpínlẹ̀ Nan, ní àríwá Tàílàǹdì lẹ́bàá ààlà Laos, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san 1,500 baht lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún bọ́ọ̀sì kékeré tí yóò gbé wa lọ wo kànga iyọ̀ ní Bo Kluea, tí yóò sì gbé wa padà kílẹ̀ tó ṣú. Bọ́ọ̀sì náà ń yípo òkè fún bí wákàtí mẹ́ta. Èèyàn mẹ́ta ló bì nínú rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, awakọ̀ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú péré, ó ní kí gbogbo wa padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìbàdàn, láti oṣù Kejìlá ni wọ́n sì ti ń bi mí nípa iyọ̀ tí wọ́n ń fà jáde lórí òkè yìí. Wọn ò tíì kí ìyá tó ń se iyọ̀ tán tí fèrè ọkọ̀ fi ń dún. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò ju ìyẹn lọ: ẹ má ra ìrìn ọjọ́ kan lọ sí Bo Kluea. Ẹ lọ sùn síbẹ̀. Àwa náà padà lọ sùn síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

Olùkọ́ ni mí ní Bangkok. Àwọn ará ilé tó bá wá kí mi, Pattaya àti ọjà Pratunam ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjà kọ́ ni àwọn wá ná. Nan jìnnà o. Ó tó 670 kìlómítà sí Bangkok, ọkọ̀ ojú irin ò sì débẹ̀. Bọ́ọ̀sì alẹ́ la wọ̀ ní Mo Chit, nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá la lò lójú ọ̀nà. Bí agbára bá ká a, ẹ wọ bàálù láti Don Mueang, pàápàá bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, torí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wú kí a tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìlú Nan kéré, ó mọ́ tónítóní, ariwo ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọba tiwọn títí di 1931. Nígbà tí èyí tó jẹ kẹ́yìn wàjà, ìjọba Bangkok kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ mọ́. Ààfin tí wọ́n kọ́ ní 1903 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú eyín erin dúdú kan sí, tí ará ìlú ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ìrìn díẹ̀ síbẹ̀ ni Wat Phumin, tẹ́ḿpìlì tí wọ́n kọ́ ní 1596. Ejò ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní naga ló dà bí ẹni pé wọ́n ru ilé náà sẹ́yìn: orí wọn yọ ní apá kan, ìrù wọn yọ ní apá kejì. Ère Búdà mẹ́rin ló wà láàárín ilé, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, oníkálukú kọjú sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà ibi yòówù kí ẹ gbà wọlé, ọ̀kan á máa wò yín.

Àwòrán ara ògiri ló sọ tẹ́ḿpìlì yìí di olókìkí. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n yà wọ́n. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ọkùnrin kan tí fínfín kún ara rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin, tó fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tó ń sọ nǹkan sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ife, àpò tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò ní bá àwọn méjèèjì ní ìlú yìí. Àmọ́ ẹ má dúró níwájú wọn nìkan. Ẹ wo àwọn tó ń hunṣọ, àwọn tó ru ẹrù, ọkọ̀ ojú omi eléèéfín tí àwọn òyìnbó kún inú rẹ̀. Ìró tí obìnrin inú àwòrán yẹn ró ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò ní tiwọn. Wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n ń fi ìka tọ́ka láìfọwọ́ kàn án, wọ́n ń ka ilà aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ wọn ará Ìṣẹ́yìn ni, wọ́n sì ti jókòó ti òfì rí.

Ìyẹn ló gbé wa dé Nong Bua, abúlé àwọn Tai Lue ní agbègbè Tha Wang Pha. Wọ́n ní tẹ́ḿpìlì tiwọn, ògiri rẹ̀ náà ní àwòrán tó jọ ti Phumin púpọ̀. Abẹ́ ilé tí wọ́n gbé sórí òpó ni àwọn obìnrin ti ń hunṣọ. Àrà tí wọ́n ń pè ní lai nam lai, ìyẹn omi tó ń ṣàn, ni àrà ìlú Nan gan-an: àwọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn, àwọ̀ mìíràn á gbà á, bí omi tó ń bọ́ láti orí òkúta kan sórí èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti obìnrin kan fún wákàtí kan gbáko. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Obìnrin náà fi ìka méjì ya òwú sọ́tọ̀, ó ka mẹ́ta, ó fo ọ̀kan, ó tún ka mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, wọ́n ka mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ìró kan la rà níbẹ̀, 1,200 baht, a ò sì ná an. Ẹni tó bá mọ ohun tí aṣọ òfì ń gbà lára ẹni kò ní ná irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Wat Phra That Chae Haeng, níbi tí ilé gogoro aláwọ̀ wúrà gíga mítà 55 wà, dára. Orí òkè Khao Noi náà dára, Búdà tó ga ní mítà 9 dúró síbẹ̀ tó ń wo ìlú nísàlẹ̀, àmọ́ oṣù Kejì la lọ, èéfín iná oko sì ti ń bo ojú ọ̀run. A ò rí òkè kankan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè kedere, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ni kó lọ.

Ẹ jẹ adìẹ díndín tí wọ́n fi makhwaen sí. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ó kéré, ó dúdú. Bí mo ṣe fi kan ahọ́n báyìí ni ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni jẹ orin ata. Mo wá a wò nígbà tí mo délé, ẹbí kan náà sì ni igi méjèèjì. Ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé àwọn ni àwọn wà.

Lọ́jọ́ kẹrin ni a padà sí Bo Kluea. Ọkọ obìnrin tó ni ilé tí a sùn sí ní Pua, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Bo Kluea, ló fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wa. 1,800 baht la san fún àlọ àti àbọ̀, ìyẹn dín sí ohun tí àwa méjèèjì jọ san fún bọ́ọ̀sì ọjọ́sí. Kò kánjú, ibi tí a bá ní kó dúró ló ń dúró. Nínú ọgbà Doi Phu Kha ó fi igi chomphu phu kha hàn wá, tó ń yọ òdòdó bíi pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní àsìkò yẹn, ó so jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ní orí ẹ̀ka. Ẹnu géètì ibẹ̀, owó àlejò ilẹ̀ òkèèrè ju ti ọmọ ìlú lọ, kí ẹ má bàa bínú.

Bo ni kànga, kluea ni iyọ̀. Òkun jìnnà pátápátá sí ibẹ̀, síbẹ̀ omi iyọ̀ ń sun lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá odò Mang. Ìtàn sọ pé nígbà tí Tilokarat, ọba Chiang Mai, gba Nan ní nǹkan bí 1450, iyọ̀ yìí wà lára ohun tó ń wá. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ la jáde. Òtútù mú, ìkùukùu bo odò. Ìyá àgbà tí a kò kí tán lọ́jọ́ kejì ti dáná. Agbada irin fífẹ̀ méjì ló wà lórí ààrò amọ̀, omi iyọ̀ ń hó nínú wọn, igi gígùn ń jó lábẹ́. Iyọ̀ kọ́kọ́ dà bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú omi, ó wá ń wuwo, ó ń rì. Ìyá fi igbákọ onígi kó o, wọ́n dà á sínú apẹ̀rẹ̀ ọparun tó rọ̀ sókè agbada gan-an, kí omi tó bá ń ro lára rẹ̀ lè padà sínú agbada. Kò sí ẹ̀kán tó ṣòfò.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá pàtẹ́wọ́ mọ́ àyà, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n bi mí pé ta ni. Mo ní phi mi ni, torí bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ìyá bu iyọ̀ gbígbóná sí wọn láàtẹ́lẹwọ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ahọ́n kàn án, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Iyọ̀ yìí ò korò rárá." Ó tó wákàtí mẹ́rin tí a jókòó síbẹ̀. Ìyá sọ fún wa pé lásìkò òjò, ní oṣù mẹ́ta tí àwọn àlùfáà Búdà kì í kúrò ní tẹ́ḿpìlì, àwọn kì í se iyọ̀. Nítorí náà ẹ má lọ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá bí iyọ̀ bá jẹ yín lógún.

Bí ẹ bá rà á, ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀. Iyọ̀ orí òkè kò ní áyódíìnì nínú fúnra rẹ̀, àìtó áyódíìnì ló sì ń fa gẹ̀gẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń fi kún èyí tí wọ́n ń tà nìyẹn.

Ilé tí a sùn sí ní Bo Kluea kò ní omi gbígbóná lálẹ́ àkọ́kọ́, ibùsùn sì le. Íntánẹ́ẹ̀tì ń wá, ó ń lọ. Kò sí ọkọ̀ tí ẹ lè nawọ́ dá dúró, nítorí náà ẹ bá awakọ̀ yín sọ̀rọ̀ àtipadà kó tó lọ. Ẹ mú aṣọ òtútù, ẹ mú aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún fún tẹ́ḿpìlì, kí ẹ̀yin obìnrin má sì fara kan àlùfáà. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún ìpínlẹ̀ Nan. Bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ kan yẹn, ìràwọ̀ kan.

Kìlógíráàmù iyọ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ sí Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí pé àwọn ará ilé ti bù ú tán, kí n bá àwọn kí ìyá àgbà bí mo bá padà lọ ní oṣù Kọkànlá.