Ìbọn Ìrántí Winchester: Èwo Ló Tó Fowó Rà?

Bí ọmọ yín tó wà ní Texas bá ní òun rí ìbọn oníwúrà kan, pé wọ́n ní owó rẹ̀ á máa gòkè, ẹ má tíì bá a yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: irú rẹ̀ mélòó ni ilé iṣẹ́ ṣe?

Ìbéèrè yẹn ju wúrà lọ. Model 94 tí Winchester, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn ìrántí yìí, ìbọn ọdẹ tí John Browning fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀, tó jáde ní 1894. Láti 1964 ni wọ́n ti ń bo àwọn kan ní wúrà tàbí níkẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fín ọ̀rọ̀ sí wọn lára láti fi rántí ìlú, ọdún tàbí èèyàn ńlá.

Wyoming 1964 àti Centennial '66

Ti Wyoming ni àkọ́kọ́, wọ́n fi sàmì ọdún 75 tí Wyoming di ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí 1,500 péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tí Winchester fúnra rẹ̀ pé 100 ọdún ní 1966, Centennial '66 tí wọ́n ṣe lé ní 100,000. Buffalo Bill ti 1968, tí wọ́n fi rántí gbajúmọ̀ ọdẹ kan ní Amẹ́ríkà, náà kọjá 100,000. Ẹ ronú ife tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí, tí wọ́n pín níbi òkú olówó kan l'Ákùúrẹ́: kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí, ta ni yóò wá fowó rà á lọ́wọ́ yín? Bí ẹwà Centennial '66 bá wù yín, ẹ rà á fún ẹwà. Ti Wyoming lèmi máa nawó sí.

John Wayne, 1981

Bí 50,000 ni wọ́n ṣe, èyí náà kò kéré. Ohun tó ń gbè é ni òkìkí John Wayne, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà tó kú ní 1979: àwọn tí kò bìkítà fún ìbọn rárá ń wá a. Ọta .32-40 ló ń jẹ, ọta àtijọ́ tí kì í wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ìrántí àti Model 94 lásán

Ibí ló ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Model 94 lásán tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964, tí kò ní wúrà kankan lára, ni ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ yìí fẹ́ jù. Ní 1964, ilé iṣẹ́ náà dín owó ìṣejáde kù: irin tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde rọ́pò irin rírọ láwọn ibì kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn àyípadà yẹn ni Centennial '66 bọ́ sí, wúrà kò sì yí ìyẹn padà.

Ìbọn lásán tí wọ́n ti lò ṣì níyì. Ti ìrántí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún Ògún l'Óǹdó, ìbọn tó bá dún ni ìbọn. Lọ́hùn-ún, ìbọn ìrántí tí kò dún rí ló lówó lórí. Kí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, owó ti já. Kódà bí èèyàn bá ń fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ sókè láti fi ṣeré, ó ń ha inú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ibi tí wúrà pin sí, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wo àmì ìka ọwọ́ náà: òógùn ọwọ́ máa ń mú irin dógùn-ún, àpótí onífóòmù sì ń gba ọ̀rinrin pamọ́ sí i lára. Páálí àti ìwé tó bá a wá ńkọ́? Bí wọn ò bá sí, ẹ jẹ́ kó hàn nínú owó tí ẹ máa san.

Òfin

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ra ìbọn, àfi bó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ìdẹ̀gbẹ́. Oní-green card lè rà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi pamọ́ sínú ẹrù tó ń bọ̀ nílé: ẹ̀wọ̀n ni ìbọn láìsí ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ tà ní gbàǹjo, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á kọ sí i lára.