Ilé tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi: ohun tójú mi rí ní Sátidé

Ògiri kan ló pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mi àti ilé tẹ́tẹ́ kan l'Ádó-Èkìtì níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ní Sátidé tó kọjá, mo kó bọ́ọ̀lù mẹ́fà sórí tíkẹ́ẹ̀tì ₦500, ẹyọ kan ò gé. ₦31,200! Ariwo tí mo pa, ìyá alákàrà ọ̀ọ́kán fẹ́rẹ̀ẹ́ da epo nù.

Kásíà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ kú oríire o. Mánéjà ló lọ gbowó ní báńkì. Ẹ jókòó." Ó fa àga fún mi síwájú fáànù, ó fún mi ní omi tútù. Mi ò ní purọ́, wọ́n mọ èèyàn tọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ wọn kì í kú. Ilé tèmi ò ríná láti Ọjọ́bọ̀.

Aago méjì, mánéjà ò dé. Aago mẹ́ta, "ó ti wà lọ́nà". Bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ, èyí tí èèyàn kankan ò gbá, ń parí níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n fi ₦1,000 ṣeré. Kásíà ní òun á yọ ọ́ lára owó mi. Owó tí wọn ò rí san, wọ́n rí i yọ! Kí mánéjà tó wọlé, ₦6,700 ló kù. Ọwọ́ méjèèjì ló fi kà á fún mi.

Ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ mi wọlé, ẹni tí mo rán lọ ra síìpù l'Ọ́jà Ọba. Kásíà forúkọ kí i. Ọmọ ọdún 16, abẹ́ pátákó "ọdún 18 sókè" gan-an ló dúró sí. Gbogbo síìpù tó "wọ́n" látoṣù tó kọjá sì wá yé mi. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ èmi náà.

Níbi eré tí ìhà méjèèjì ní àǹfààní kan náà láti jẹ, 1.85 ni wọ́n fi síhìn-ín, 1.85 sọ́hùn-ún, ìyẹn ni pé ₦1 tó bá jẹ á di ₦1.85. Ẹ fi ₦1,000 sí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ná ₦2,000, èyí tó wù kó jẹ, ₦1,850 lẹ máa gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ó dáa, kí Èkìtì gbowó-orí. Ta ló máa san owó síìpù mi?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mánéjà ló jẹ́ n yọ ẹyọ kan.