Bọ́ọ̀sì oníbùsùn àbí àgọ́: èwo ni kí ẹ rà bí ajá bá ń bá yín lọ sí etí òkun àti inú igbó?

Láti 2024 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí títì etí òkun tí wọ́n fẹ́ là láti Èkó dé Calabar, nǹkan bíi 700 kìlómítà, àwọn tó ń bi mí léèrè ní Ẹ̀pẹ́ ti pọ̀ sí i: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ká ra bọ́ọ̀sì ká tẹ́ fóòmù sí i, àbí ká ra àgọ́ ká jù ú sí búùtù?" Mo ti ní méjèèjì. Bọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ rà, HiAce tókúnbọ̀ olórùlé gíga. Àgọ́ ni mo ń lò báyìí, ọdún kẹta rèé. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì àti Tanímọ̀la, ajá wa, la jọ máa ń lọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi kòtò tèmi hàn yín.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì tàbí iye ìjókòó. Ẹni tó ń tà á yóò sọ ìyẹn fún yín.

Ooru

Ohun tí ẹni tó ta bọ́ọ̀sì fún mi kò sọ, tí èmi náà kò sì béèrè, ni ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì HiAce tèmi wà, kì í ṣe níwájú bíi ti káà. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Eléko létí òkun, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tírélà sì dá yín dúró lọ́nà, ooru yẹn kò ní tán nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ló ń gbà jáde. Ajá a sì máa wá ilẹ̀ tútù sùn sí. Àárín ìjókòó iwájú méjèèjì nìkan ni fóòmù kò bò, ibẹ̀ ni Tanímọ̀la nà sí gbalaja, ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún ni, ìgbà tí ooru máa ń mú jù nílẹ̀ wa. A ti ti gbogbo fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, àti nítorí àwọn tí a kò mọ̀ tí wọ́n ń rìn ní etí òkun lóru. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyàwó mi jí, ó ní òun ń gbọ́ ohun tó dà bí ẹni tó ń fa ayùn. Èémí Tanímọ̀la ni. Ahọ́n rẹ̀ ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, itọ́ rẹ̀ ti ki, kò lè dìde. A gbé e jáde, a ń da omi sí i ní itan àti abẹ́ ikùn, ọmọ mi àgbà ń fi ìdérí kúlà fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá sọ pé ká ní a ò gbé e síta ni, ì bá ti kú. ₦85,000 ni mo san lọ́jọ́ yẹn. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ẹkún àwọn ọmọ ló dùn mí jù, torí èmi ni mo ti fèrèsé.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń mí ooru jáde, bí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá sì ti gbóná, mímí yẹn kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Nǹkan bíi 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara ajá tó dá ṣáṣá. Bó bá ti kọjá 41, inú ewu ló wà. Àwọn onímú pẹlẹbẹ kì í fara dà á rárá. Ọ̀sán tún burú jù: ọkọ̀ tí ẹ pa sínú oòrùn lè fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ẹ má sì ní ẹ ó tan ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú kí éésì lè ṣiṣẹ́. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Bákan náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ni mo yá àgọ́ ọ̀rẹ́ mi, tí mo sì ra tẹmómítà méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, létí omi kan náà, ní aago mẹ́wàá: 33 nínú bọ́ọ̀sì, 27 nínú àgọ́ tí a ká aṣọ òde rẹ̀ kúrò, tó ku nẹ́ẹ̀tì nìkan. Mo fi sólà àti fáànù sí òrùlé bọ́ọ̀sì, ó wálẹ̀ sí 30. Ihò tí wọ́n lu fún fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò nígbà òjò. Mo ta bọ́ọ̀sì náà.

Àwọn ìyókù

Òjò: bọ́ọ̀sì ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Bí ẹ bá máa ra àgọ́, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àpò rẹ̀, èyí tó ń sọ bí aṣọ rẹ̀ ṣe lè dènà omi tó. Èyí tí kò tó 3000 mm, òjò oṣù kẹfà yóò bá yín wọlé.

Iyanrìn: bọ́ọ̀sì rì fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Èèkàn àgọ́ pàápàá kì í dúró nínú iyanrìn. Ẹ rọ iyanrìn kún àpò ìrẹsì, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Iyọ̀ òkun: ó ń jẹ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń jẹ síìpù àgọ́. Àbẹ́là tí ẹ fi pa síìpù ti tó. Ti abẹ́ ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni yóò gbé yín lọ.

Èékánná ajá: ó lè ya nẹ́ẹ̀tì. Tanímọ̀la ti ya tiwa lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ àti òwú la fi rán an.

Nínú igbó

Ẹ̀rù ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn yan bọ́ọ̀sì fún igbó, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ lè gba Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò láti 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ bóyá ajá lè wọlé àti ibi tí ẹ lè sùn. Bí wọ́n bá ní kí ajá má wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn: ajá tó já okùn lè lọ gbó mọ́ erin, kó sì sá padà wá bá yín, kí erin máa lé e bọ̀. Ẹ̀bá abúlé la máa ń sùn sí, okùn Tanímọ̀la kì í sì kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa. Ibi tí táyà ọkọ̀ agégẹdú ti gbẹ́ ilẹ̀ sí kòtò, bọ́ọ̀sì tó ru ẹrù kò lè kọjá nígbà òjò. Àgọ́ kò ní wàhálà yẹn. Ẹ ó gbé e sí èjìká.

Bọ́ọ̀sì tàbí àgọ́, ẹ máa yẹ etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn ní alaalẹ́, torí eégbọn ló ń gbé kòkòrò tó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ìdájọ́

Kí n má ṣègbè: bí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn bá wà láàárín yín, tó jẹ́ pé nígbà òjò lẹ máa ń rìn, tí ẹ kò sì ní ajá, bọ́ọ̀sì yóò tẹ́ yín lọ́rùn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì, ọkàn èèyàn sì máa ń balẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ajá bá wà níbẹ̀, owó tó ra bọ́ọ̀sì kan yóò ra àgọ́ ńlá, fóòmù, kúlà àti fáànù oníbátìrì, yóò sì ṣẹ́kù.

Bí ó bá ṣì jẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wà á fún wákàtí kan nínú oòrùn ọ̀sán. Kí ó pa á. Ẹ bọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ kò bá lè kà dé ogún kí ẹ tó yọwọ́, ẹ ti mọ bí ibi tí ajá yín fẹ́ sùn sí ṣe rí.